Ìmọ̀ Ọwọ́ Tí Ó Ń Bọ́ Lọ́wọ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́tẹ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ nínú ilé tiwa. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á fi ara wa ṣe àpẹẹrẹ kí á tó wo ilé ẹlòmíràn.

Ní òru ọjọ́ kan, ìgbẹ́ gbuuru mú ọmọ wa tí ó kéré jù, ọmọ ọdún méjì. Kí ó tó di aago méjì òru, ó ti yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó sì ti ń rẹ̀ ẹ́. Ilé oògùn àdúgbò ti tì. Ọkọ̀ wa wà ní ìta, ṣùgbọ́n táyà ẹsẹ̀ kan ti jò láti ìrọ̀lẹ́, a sì ti sọ pé kí ilẹ̀ mọ́ kí á tó pe ẹni tí yóò bá wa pààrọ̀ rẹ̀. Táyà mìíràn wà nínú bọ́ọ̀tù, jáàkì wà níbẹ̀, sípánà wà níbẹ̀. A mú fóònù, à ń tẹ̀ ẹ́, kò sí nẹ́tíwọ̀kì. Àwa méjèèjì tí a jẹ́ òbí ọmọ náà kàwé gba oyè ní yunifásítì, ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ náà, a kàn ń sáré kiri inú yàrá ni.

Màmá wa tí ó wá kí wa láti ilé ni ó gbọ́ ariwo, tí ó jáde sí wa. Ó fi ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ, ó wo ẹnu rẹ̀, ó ní, “Ẹ ní iyọ̀ nílé? Ẹ ní ṣúgà?”

A ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, Mà.”

“Ẹ fún mi ní omi inú ọ̀rá méjì, àti ṣíbí ìpotíì.”

Màmá fọ ọwọ́, ó wọn ṣúgà, ó wọn iyọ̀, ó rò ó pọ̀, ó sì fi sí ahọ́n ara rẹ̀. Ó ní bí ó bá ti níyọ̀ ju omijé lọ, kí á dà á nù kí á sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Ó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀, ó ń fún un ní ṣíbí kan, ó ń sinmi, ó ń fún un ní òmíràn. Nígbà tí ọmọ bì, àyà wa já. Màmá kò mira. Ó dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí a gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn ní òwúrọ̀, nọ́ọ̀sì tí ó yẹ̀ ẹ́ wò béèrè ohun tí a fún un ní òru. A sọ fún un. Ó ní, “Ẹni tí ó ṣe èyí fún yín ṣe yín lóore.” Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà tí ara balẹ̀, a béèrè lọ́wọ́ Màmá ibi tí wọ́n ti kọ́ ọ. Wọ́n ní, “Ilé ìwòsàn ni wọ́n ti kọ́ wa nígbà tí mo ń tọ́ ẹ̀yin lọ́wọ́. Wọn á kó gbogbo àwa ìyá ọlọ́mọ jọ, wọn á ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wá pò ó lójú gbogbo ènìyàn. Bí o bá ṣì í, ìwọ á tún un ṣe.” Lẹ́yìn náà ni Màmá wò wá, tí wọ́n béèrè ohun tí kò kúrò lọ́kàn wa títí di òní: “Ẹ̀yin tí ẹ kàwé jù wá lọ yìí, kí ni ẹ fi ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n ṣe?”

Wọn kò fi ìbínú béèrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò rí ìdáhùn kan gbòógì fún wọn.

OHUN TÍ ILÉ KAN MỌ̀ NÍGBÀ KAN

Ẹ jẹ́ kí á mú ògì gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ní ayé ìgbà tí àwọn òbí wa wà lọ́mọdé, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá mọ bí ògì ṣe ń di ògì. Ó mọ̀ pé a ó ṣa àgbàdo, a ó fọ̀ ọ́, a ó rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta títí yóò fi rọ̀. A ó lọ̀ ọ́, a ó fi aṣọ mímọ́ sẹ́ ẹ, a ó da èèrí sọ́tọ̀ fún ẹran ọ̀sìn. A ó jẹ́ kí ògì sílẹ̀, kí omi rẹ̀ tòrò lókè. Ó mọ̀ pé omi orí ògì ni a ó máa pààrọ̀ kí ó má baà kan jù, ó sì mọ òórùn ògì tí ó kan dáadáa yàtọ̀ sí èyí tí ó ti bàjẹ́. Kò sí ìwé tí ó fi kọ́ èyí. Ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ ni ó jókòó sí.

Bẹ́ẹ̀ ni irun dídì. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sátidé, kí ọmọ tó lọ sí ilé Ọlọ́run lọ́jọ́ kejì, ìyá yóò jókòó lórí àpótí, ọmọ yóò jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùkú ni o, kòlẹ́sẹ̀ ni o, ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ ni o, ìyá mọ̀ ọ́n dì, ọmọ sì ń kọ́ ọ lórí àbúrò rẹ̀. Bí irun náà ṣe ń lọ ni ọ̀rọ̀ ń lọ. Ìyá ń béèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwé, ọmọ ń sọ ọ́ láìmọ̀ pé òun ń sọ ọ́.

Àwọn ọkùnrin pẹ̀lú kò ṣaláìmọ ohun kan. Ọmọkùnrin mọ bí a ti ń pọ́n àdá láìgé ara ẹni. Ó mọ bí a ti ń kọ ebè, bí a ti ń so okùn tí kò ní tú mọ́ ewúrẹ́ lọ́rùn, bí a ti ń gun òrùlé lọ dí ibi tí ó ń jò kí òjò tó dé. Bí ilé bá ní sítóòfù karosíìnì, ọmọ ilé ni ó ń pààrọ̀ òwú rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí a pè láti ìta.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà ń ran òbí lọ́wọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ wà lára ẹ̀kọ́ nígbà náà. Olùkọ́ yóò ní kí olúkúlùkù mú ìgbálẹ̀ tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe wá. Òmíràn hun ẹní, òmíràn hun apẹ̀rẹ̀, òmíràn fi abẹ́rẹ́ rán aṣọ ìnuwọ́. Bí tìrẹ bá wọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ á fi ọ́ rẹ́rìn-ín, ìwọ náà á lọ tún un ṣe.

Lónìí, ẹ wo inú ilé wa. Bọ́tìnnì kan já lára ṣẹ́ẹ̀tì, ṣẹ́ẹ̀tì náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún oṣù mẹ́ta. Ẹ̀rọ omi ń jò, a fi korobá sábẹ́ rẹ̀. Ọmọ tí ó gba A nínú ìmọ̀ físíìsì kò mọ ibi tí a ti ń pa iná gbogbo ilé bí nǹkan bá ń jóná. Ọ̀dọ́mọkùnrin wọ yunifásítì, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, indomí ni ní òwúrọ̀, indomí ni ní alẹ́. Ẹ má rò pé à ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Àwa ni òbí wọn, ẹ̀bi náà kò jìnnà sí wa.

BÁWO NI Ó ṢE BỌ́?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ohun èlò tuntun dé, ó sì dé pẹ̀lú owó pọ́ọ́kú. Nígbà tí aṣọ bọ́síkọ́nà àti ìbọ̀sẹ̀ láti China kún ọjà, ta ni yóò tún jókòó máa fi abẹ́rẹ́ dí ihò ìbọ̀sẹ̀? Ohun èlò ìgbàlódé pàápàá kò fẹ́ kí á tú òun. Rédíò àtijọ́ ní ìdè tí a lè tú, a sì rí inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù òde òní, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Kọ̀ǹpútà wà nínú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, mẹkáníìkì pàápàá ní láti fi ẹ̀rọ mìíràn bi í léèrè ohun tí ó ń ṣe é.

Ohun kejì ni ilé ẹ̀kọ́. Kì í ṣe pé ìjọba kò rí ìṣòro yìí. Ní 1982, a bẹ̀rẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Ìdí rẹ̀ ni kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama lè mọ̀wé kí ó sì mọ iṣẹ́ ọwọ́. Wọ́n ra ẹ̀rọ láti òkè òkun fún ẹ̀kọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, inú àpótí tí wọ́n fi kó wọn wá ni àwọn ẹ̀rọ náà wà títí wọ́n fi dógùn-ún. Ní ibòmíràn kò sí iná, ní ibòmíràn kò sí ilé tí a ó tò wọ́n sí, ní ibi púpọ̀ kò sí olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n lò. Ní 2011, ìjọba tún gbé ètò mìíràn dìde: iṣẹ́ ọwọ́ 34 ni wọ́n tò sílẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama àgbà kọ́ ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn. Ní 2014, àwọn WAEC bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìdánwò rẹ̀. Ní 2025, wọ́n tún ètò náà tò, wọ́n dín in kù sí iṣẹ́ mẹ́fà, lára wọn ni aṣọ rírán, ẹran ọ̀sìn sísìn, fóònù àti kọ̀ǹpútà títúnṣe, àti iná tí a ń fi oòrùn tàn.

Ètò tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́ fún ara wa: ọmọ lè kọ sínú ìwé ìdánwò bí a ti ń rán síìpù kí ó má sì rán ẹyọ kan rí. Ìmọ̀ ọwọ́ kò sí nínú bébà. Inú ọwọ́ ni ó wà, àṣetúnṣe ni ó sì ń gbé e débẹ̀.

Ohun kẹta ni àwa òbí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà sì ti dùn wá jù. Púpọ̀ nínú wa ni ó ti sọ ọ́ pé, “Ìyà tí mo jẹ, ọmọ mi kò ní jẹ ẹ́.” Àdúrà rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń yọ ìyà kúrò lọ́rùn ọmọ, a yọ iṣẹ́ mọ́ ọn. A gba ọmọ ọ̀dọ̀ kí ọmọ wa lè ráyè kàwé. A kó o lọ sí ẹ̀kọ́ àfikún lẹ́yìn ilé ìwé, a kó o lọ sí òmíràn ní Sátidé. Nígbà tí ó bá fẹ́ wọ ilé ìdáná, a ní, “Lọ kàwé rẹ, má wá da nǹkan nù.” Lẹ́yìn ọdún méjìdínlógún, a wá ń bínú pé kò mọ nǹkan kan.

A tún fi ojú kéré iṣẹ́ ọwọ́. Bí ọmọ bá fi ìdí rẹmi nínú ìwé, a ó ní, “N ó mú ọ lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì!” bí ẹni pé ìjìyà ni iṣẹ́ náà. Ọmọ gbọ́ ọ, ó sì gbà á gbọ́. Ẹ bi àwọn tí ń kọ́lé ní Èkó. Wọn yóò sọ fún yín pé ọ̀pọ̀ ìgbà, ọmọ Kútọnu tàbí ọmọ Tógò ni wọ́n ń wá láti bá wọn lẹ táìsì sílẹ̀. A kò bínú sí àwọn ará wa wọ̀nyí, iṣẹ́ wọn mọ́. Ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀ fún wa: àwọn jókòó ti ọ̀gá, wọ́n kọ́ ọ dójú àmì.

KÌ Í ṢE GBOGBO ÀTIJỌ́ NI Ó DÁRA

Ẹ má ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni padà sórí ọlọ. Ìyá tí ó ti lọ ata lórí òkúta fún ogójì ọdún mọ ohun tí ó ṣe é ní ẹ̀yìn, òun ni yóò sì kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ ìlọta. Omi pípọn láti odò jìnnà ti gba ilé ìwé lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ náà, orí obìnrin nìkan ni gbogbo iṣẹ́ já lé, ọkùnrin yóò sì jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ máa béèrè oúnjẹ. A kò fẹ́ ìyẹn padà.

A kò sì fẹ́ sọ pé àwọn ọ̀dọ́ kò mọ nǹkan kan. Ọmọ ọdún méjìlá ilé wa ni ó kọ́ wa bí a ti ń fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù. Ọ̀dọ́ mìíràn wo fídíò lórí YouTube, ó sì fi kọ́ bí a ti ń ṣe kéèkì títí ó fi di òwò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ohun tí a ń wí ni pé ó yẹ kí a mọ èyí tí a lè fi sílẹ̀ láìsí ewu, kí á sì mọ èyí tí ó jẹ́ pé bí ó bá bọ́, ewu wà níbẹ̀.

EWU WO NI Ó WÀ NÍBẸ̀?

Ẹ wo gààrí tí gbogbo wa ń jẹ. Májèlé wà nínú ẹ̀gẹ́ tútù, pàápàá èyí tí ó korò. Ọgbọ́n àwọn ìyá wa ni ó ń mú un kúrò. Wọn yóò bó o, wọn yóò rin ín, wọn yóò dì í sínú àpò, wọn yóò gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mélòó kan kí ó lè kan, kí omi rẹ̀ sì jáde. Wọn yóò jọ̀ ọ́, wọn yóò yan án nínú agbada gbígbóná. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń lé májèlé yìí lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí kò mọ ìdí rẹ̀ yóò rò pé ọjọ́ tí ó wà lábẹ́ òkúta kàn ń fi àkókò ṣòfò ni, yóò sì gé e kúrú kí ó lè tètè rí owó.

Ohun tí ó lè tìdí irú èyí yọ kì í ṣe ìtàn lásán. Ní 1981, ọ̀dá mú ní agbègbè Nampula ní orílẹ̀-èdè Mòsáńbíìkì, ẹ̀gẹ́ korò nìkan ni ó kù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti jẹ. Wọ́n mọ bí a ti ń ṣe é, ṣùgbọ́n ebi kò jẹ́ kí wọ́n lè dúró de ọjọ́ tí ó yẹ. Ó lé ní 1,000 ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn rọ lójijì, àwọn obìnrin àti ọmọdé ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Bí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n bá lè rí irú èyí nítorí pé ó gé ìgbésẹ̀ kan kúrò, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ pé ìgbésẹ̀ náà wà?

Ẹ rántí 2020 pẹ̀lú. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹta ọdún náà, nítorí àrùn kòrónà, ìjọba ní kí àwọn ará Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé. Onígbàjámọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù, télọ̀ ti ṣọ́ọ̀bù, mẹkáníìkì kò jáde. Ìgbà náà ni a mọ ilé tí ó ní ìmọ̀ àti ilé tí ó ní owó nìkan. Ìyá tí ó ní ẹ̀rọ ìránṣọ ní igun yàrá fi ankárá rán ìbòmú fún gbogbo ìdílé, ó sì tà lára rẹ̀. Bàbá tí ó lè fi síkà gé irun ọmọ rẹ̀ gé e. Àwa tí a kò mọ̀ ọ́n ṣe rí ara wa nínú díńgí, a sì fi fìlà bò ó.

Ohun mìíràn tún ń bọ́ tí a kì í kà sí. Nígbà tí ọmọ kò bá jókòó ti òbí rẹ̀ nídìí iṣẹ́ mọ́, ibo ni wọn yóò ti máa sọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ tí ìyá ń bá ọmọ sọ nídìí irun, tí bàbá ń bá ọmọ sọ nídìí ọkọ̀ tí a ń fọ̀, kò rọrùn láti pe ọmọ jókòó kí á sọ ọ́ fún un lójúkojú. Iṣẹ́ ni ó ń la ọ̀nà fún un.

Ẹ̀rí sì wà pé ohun tí ó ń kú lọ lè sọjí. Ìyá Nike Davies-Okundaye, tí wọ́n bí ní 1951, tí ó jẹ́ ọmọ Ògìdì ní Ìpínlẹ̀ Kogí, kọ́ aṣọ híhun àti àdìrẹ lọ́wọ́ ìyá àgbà tí ó tọ́ ọ dàgbà. Kò kàwé lọ títí. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà ni ó fi dá ibùdó sílẹ̀ ní Òṣogbo, níbi tí ó ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ọwọ́ láìgba owó, tí orúkọ rẹ̀ fi kan òkè òkun.

ỌWỌ́ ÀWỌN ENI MÍMỌ́

Àwa tí a ń ka Bíbélì kò gbọdọ̀ fi ojú tẹ́ńbẹ́lú iṣẹ́ ọwọ́. Àpọ́sítélì Pọ́ọ̀lù kàwé lẹ́sẹ̀ Gàmálíẹ́lì, síbẹ̀ ó mọ àgọ́ pa. Nígbà tí ó dé Kọ́ríńtì, iṣẹ́ àgọ́ náà ni ó mú un wọ ilé Àkúílà àti Pírísílà, nítorí pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe. Nígbà tí Dọ́káàsì kú ní Jópà, àwọn opó kò kó ìwé ẹ̀rí rẹ̀ jáde fún Pétérù wò. Aṣọ tí ó fi ọwọ́ rẹ̀ rán fún wọn ni wọ́n kó jáde. Nígbà tí a sì fẹ́ kọ́ àgọ́ ìpàdé ní aginjù, Bésálẹ́lì oníṣẹ́ ọwọ́ ni Ẹ̀mí Ọlọ́run kún fún ọgbọ́n àti òye. Olúwa wa fúnra rẹ̀, káfíńtà ni àwọn ará Násárétì mọ̀ ọ́n sí.

KÍ NI KÍ Á ṢE NÍNÚ ILÉ WA?

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ níwọ̀nba. Nínú ilé tiwa, a mú ohun kan lóṣù kan, a sì gbà pé ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin ni yóò kọ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tí a ti rí kọ́ nìyí:

Èkíní, ẹ jẹ́ kí ọmọ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Bí a bá ń ṣe é lójú rẹ̀ lásán, kò tíì kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí ó ba ìrẹsì jẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ó jóná. Èkejì yóò sàn jù ú lọ.

Èkejì, omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Nọ́ọ̀sì tún ìwọ̀n rẹ̀ kọ́ wa bí wọ́n ti ń kọ́ ọ nísinsìnyí: omi mímọ́ lítà kan, èyíinì ni omi inú ọ̀rá méjì tí ó jẹ́ àádọ́ta sẹ́ńtílítà ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣúgà ṣíbí ìpotíì mẹ́fà, iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìpotíì. Kí ṣíbí náà tẹ́jú, kí ó má ga. Kí á má fi iyọ̀ kún un, nítorí iyọ̀ àpọ̀jù léwu fún ọmọ. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, kí á da èyí tí ó kù nù. Èyí tí ilé oògùn ń tà nínú ọ̀rá, tí à ń pè ní ORS, ni ó dára jù bí ó bá wà nítòsí, oníṣègùn yóò sì fi oògùn síǹkì kún un. Kí ìyá má dá ọmú dúró. Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, bí kò bá lè mu nǹkan, bí ó bá ń tòògbé jù, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, kí á gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Omi yìí kò dípò oníṣègùn, ó kàn ń gbé ọmọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni.

Ẹ̀kẹta, táyà. Kí á gbé ọkọ̀ sí ibi tí ó tẹ́jú, kí á fa búréèkì ọwọ́, kí á fi òkúta ti táyà mìíràn. Kí á kọ́kọ́ dẹ àwọn nọ́ọ̀tì díẹ̀ nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí á tó fi jáàkì gbé e. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbé e sókè, táyà yóò máa yí mọ́ ọn lọ́wọ́. Nígbà tí a bá ń dè é padà, kí á máa de nọ́ọ̀tì tí ó kọjú sí ara wọn, kí ó lè jókòó déédéé. Kí ẹnikẹ́ni má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tí ó wà lórí jáàkì.

Ẹ̀kẹrin, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mọ ibi tí a ti ń pa iná ilé, ibi tí a ti ń ti omi, àti bí a ti ń pa gáàsì láti orí sílíńdà. Kí ó mọ̀ ọ́n ní òkùnkùn.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ lọ bá àwọn àgbà. Ẹ lo fóònù náà fún ire: ẹ ká ohùn Màmá sílẹ̀, ẹ ya fídíò ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣe èlùbọ́ tàbí tí ó ń dì irun. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé fóònù sílẹ̀, kí ẹ̀yin náà gbìyànjú rẹ̀ lójú wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹgbẹ́ ọkùnrin àti ẹgbẹ́ obìnrin inú ìjọ lè yan Sátidé kan lóṣù, kí télọ̀, onínáwáyà àti mẹkáníìkì tí ó wà láàárín wa kọ́ àwọn ọmọ wa. Àwọn ará yìí ti ń jókòó sí ẹ̀yìn nínú ìpàdé, ó tó àkókò kí á pè wọ́n síwájú. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé òru ọjọ́ náà, a kó gbogbo ilé jáde sídìí ọkọ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni ó di sípánà mú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ó ń yí jáàkì. Ohun tí mẹkáníìkì yóò ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún gbà wá ní wákàtí kan àti ààbọ̀. Ọwọ́ wa dúdú, aṣọ wa dọ̀tí. Màmá gbé àga wá sí abẹ́ ìbòji, wọ́n gbé ọmọ kékeré tí ara rẹ̀ ti yá lé ẹsẹ̀, wọ́n ń wò wá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a parí, wọ́n ní, “Ó dáa. Nísinsìnyí ẹ wá sí ilé ìdáná, mo ti rẹ àgbàdo sómi láti ìjẹta.”

Ẹ̀yin òbí, ọwọ́ ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ wa, kí ó sì fún wa ní sùúrù láti fi kọ́ àwọn ọmọ wa. Àmín.